Ẹ̀rọ Oorun Tó Ṣeé Gbé Rìnrìn-Àjò: Ibi Tẹ́ Ẹ Máa Sùn Sí Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ oorun. Ti àkọ́kọ́ ni mo fún láyè jù, torí ó kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ń lọ tá a ń bọ̀ láàárín ilé àti ìlú òyìnbó.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Peckham ní London ni mò ń gbé, ẹni ọdún 52 ni mí. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣàyẹ̀wò oorun fún mi, wọ́n ní mo ní sleep apnea, pé ìgbà 37 ni mímí mi ń dúró tàbí kó lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan péré, wọ́n wá gbé ẹ̀rọ CPAP fún mi pé kí n máa lò ó lálaalẹ́. Kí n má parọ́, ayé mi ti yí padà, ìyàwó mi ti padà sí yàrá wa, mi ò sì tòògbé lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́dún ni mò ń lọ sí Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tí mò ń tà, ẹ̀rọ yìí àti ike omi ẹ̀ sì ń gba ìdajì àpò tí mò ń gbé wọ bàálù. Ní December mo fi í sílẹ̀ ní London, mo ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, àmọ́ ojú mi rí nǹkan. Mo wá rí àwọn kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra AirMini, òmíràn ní Z2 ló dáa jù, ẹnì kẹta ní Transcend. Èwo ni kí n rà? Ṣé iná ilé wa ò sì ní bà á jẹ́?
— Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Peckham

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ewu ọ̀sẹ̀ méjì yẹn o. Kí n tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn mí nínú lẹ́tà yín, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ti ní ọ̀sẹ̀ méjì “péré” ni. CPAP kì í wo sleep apnea sàn bí oògùn ṣe ń wo ibà, ohun tó ń ṣe ò ju pé ó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú tàbí ẹnu wọlé kí ọ̀nà ọ̀fun má baà padé nígbà tá a bá ti sùn tí ẹran ibẹ̀ ti dẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi igi ti ilẹ̀kùn kó má baà padé, alẹ́ tẹ́ ẹ bá yọ igi yẹn kúrò ilẹ̀kùn á padé ni, kò kàn án pé ó ti wà ní ṣíṣí fún oṣù mẹ́wàá. Àwọn dókítà máa ń ka 5 sí 15 láàárín wákàtí kan sí díẹ̀, 15 sí 30 sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ohun tó bá ti lé ní 30 ni wọ́n ń pè ní èyí tó le. 37 ni tiyín. Tẹ́ ẹ bá sun wákàtí mẹ́fà, ó lé ní igba ìgbà tí mímí yín fi mẹ́hẹ lóru ọjọ́ kan, gbogbo ìgbà yẹn ni ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tí ọkàn ń sáré, tí ọpọlọ sì ń jí yín láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń rí ọ̀nà wọlé. Torí náà èmi ò ka ẹ̀rọ kejì sí fàájì fún ẹni tó ń rìnrìn-àjò tó yín.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, láti 2014 lèmi náà sì ti ń fi másìkì sùn. Síbẹ̀ nígbà tá a fẹ́ lọ sìnkú ìyá mi, mo ki ẹ̀rọ mi bọnú àpótí ńlá tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ bàálù, torí mo fẹ́ kí ọwọ́ mi fúyẹ́. Mo dé, àpótí ò dé. Ọjọ́ kẹrin ló tó dé. Òru mẹ́ta ni mo fi jókòó sùn sórí àga, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń pààrọ̀ ara wọn láti máa jí mi tí wọ́n bá ti gbọ́ tí ìhanrun mi dédé dákẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an, mo sùn lọ níwájú pósí ìyá mi, àwọn èèyàn rò pé ẹkún ló rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

Ó yá, ẹ ní èwo ni kẹ́ ẹ rà. Ohun tí gbogbo èèyàn ń kọ́kọ́ wò ni bí ẹ̀rọ ṣe kéré tó, wọ́n kéré lóòótọ́: AirMini ti ResMed ò ju nǹkan bí 300 gíráàmù lọ, Z2 náà ò jìnnà síbẹ̀, Transcend Micro tún fúyẹ́ ju àwọn méjèèjì, ó lé díẹ̀ ní 200 gíráàmù. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín nílé, tòun ti ike omi ẹ̀, á lé ní kílò kan. Àmọ́ láàárín àwọn kékeré fúnra wọn, gíráàmù díẹ̀ yẹn ò ní kí ẹrù yín wúwo tàbí kó fúyẹ́. Yàrá tẹ́ ẹ máa sùn sí l'Ékòó àti n'Íjẹ̀bú ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà, àti ojú yín tí másìkì máa wà lórí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú másìkì. Òun ló ń kan awọ ojú wa, òun lèèyàn ń bá jà lóru, ẹni tó bá ti rí èyí tó bá a mu kó má ṣe tìtorí ẹ̀rọ kékeré pààrọ̀ ẹ̀. AirMini ò gba gbogbo másìkì o, àwọn kan tí ResMed fúnra ẹ̀ ṣe, bíi P10, N20, N30 àti F20, ló ń bá a lọ, hóòsì ẹ̀ náà yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀rọ ńlá. Tí tiyín bá wà nínú wọn, ó parí, ẹ ò ní wàhálà. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú yín ní másìkì tuntun nínú ooru Èkó, èmi ò lè gba èèyàn nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Z2 àti Transcend gba másìkì ilé-iṣẹ́ yòówù, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín kejì fi ń yìn ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbígbẹ. Àwọn ẹ̀rọ kékeré yìí kì í ní ike omi gbígbóná. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ ni nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ń wà níbi hóòsì, tó ń gba ọ̀rinrin inú èémí tá a bá mí síta, tó tún ń dá a padà fún wa tá a bá fà á wọlé. Ti AirMini ń jẹ́ HumidX, ọ̀kan wà fún ibi tó lọ́rinrin, HumidX Plus sì wà fún ibi tó gbẹ, tẹ́ ẹ bá ti já a, ọgbọ̀n ọjọ́ ni, ẹ sọ ọ́ nù. Ní Èkó lóṣù keje tí òjò ń rọ̀, ẹ lè má rántí pé ẹ ní ike omi nílé rárá. Àmọ́ ìgbà ọyẹ́, tí ètè ń là, tẹ́ ẹ wá tún tan AC sórí ẹ̀, imú yín máa gbẹ, ó tiẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ tí agbára atẹ́gùn yín bá ga. Ẹni tó ń lanu sùn ló máa ń jìyà ẹ̀ jù. Torí bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ fi sùn ní Peckham fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kẹ́ ẹ tó gbé e rìn. Ẹ fetí sí ariwo ẹ̀ náà, torí àwọn kékeré máa ń súfèé níbi tí èémí ti ń jáde ju àwọn ńlá lọ, madam tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí yàrá gbọ́dọ̀ lè sùn.

Ọ̀rọ̀ iná ló kù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀.

Iná ilé wa ò ní bà á jẹ́ torí pé ó jẹ́ 240 volt. Ẹ wo ara ṣájà ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí 100–240V níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní London, Èkó àti Amẹ́ríkà, plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ ń lò ní London náà la ń lò nílé. Ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ni iná tó ń lọ sókè sódò, èyí tí NEPA mú wá lójijì lágogo méjì òru, àti èyí tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fò. Ẹ má kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tààrà láì sí stabilizer láàárín. Tó bá jẹ́ inverter ló wà nílé, ẹ bi ẹni tó ṣe é bóyá pure sine wave ni, ìyẹn èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere, òun ló dáa jù fún irú ẹ̀rọ báyìí.

Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀mí wà níbẹ̀. CPAP kì í ṣe ẹ̀rọ ọ́síjìn. Atẹ́gùn inú yàrá ló ń fà tó ń fẹ́ sí yín nímú, fíltà ẹ̀ ń mú eruku àmọ́ kò lè mú èéfín jẹnẹrétọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lábẹ́ wíńdò yàrá yín, tàbí nínú kọ́rídọ̀ bí àwọn kan ṣe ń gbé e torí olè, majele tí kò ní òórùn ni ẹ̀rọ á máa tì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín láti alẹ́ dòwúrọ̀. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sílé. Kò sí ohun tó ń jẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Òògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń sun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, ẹ gbé e síta, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì, hóòsì á gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Torí gbogbo èyí lèmi ṣe máa ń sọ pé ẹ má ra ẹ̀rọ láìra bátìrì ẹ̀. Ìṣirò ẹ̀ ò le. Wh, ìyẹn watt-hour, iye iná tí bátìrì lè gbé, ni wọ́n ń kọ sára bátìrì, èyí tí wọ́n sì gbà wọ bàálù láì bi yín ní ìbéèrè ò gbọ́dọ̀ ju 100 Wh lọ. Ká ní ẹ̀rọ yín ń jẹ watt mẹ́wàá láìsí omi gbígbóná, wákàtí mẹ́jọ jẹ́ 80 Wh, bátìrì kan tó wà ní àyíká 95 á gbé yín dọ́wọ́ òwúrọ̀. Tí agbára atẹ́gùn yín bá ga, á jẹ jù bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná àti hóòsì gbígbóná ló ń jẹ iná jù lára àwọn ńlá, ó lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tá a fi ń pa á tá a bá wà lórí bátìrì. Z2 ní bátìrì tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ tẹ́ ẹ lè rà mọ́ ọn, tí iná bá lọ ẹ ò ní mọ̀ rárá, oorun yín á máa lọ. Ti AirMini, kò sí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, ẹ ó ra bátìrì ìta lọ́tọ̀ ni.

Ẹ ò tíì béèrè èyí àmọ́ màá sọ ọ́, torí ó lè tán ìṣòro yín ju ẹ̀rọ kékeré lọ. Ibi kan náà lẹ̀ ń lọ nígbà gbogbo. Ẹni tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì Dubai lónìí, China lọ́la, òun ni ẹ̀rọ kékeré ṣe fún gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní àbúrò tó ṣeé fọkàn tán n'Íjẹ̀bú-Òde, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti ń sun ọ̀pọ̀ òru yín, ẹ lè ra ẹ̀rọ ńlá kejì kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, pẹ̀lú bátìrì 12 volt ńlá bíi ti inverter àti wáyà tó ń sọ 12 di 24 tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí. Bátìrì 100Ah, ìyẹn 1,200 Wh, tẹ́ ẹ bá lo ìdajì ẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, ṣì jẹ́ nǹkan bí 600 Wh, ìyẹn òru púpọ̀. Másìkì nìkan lẹ máa wá gbé rìn. Àmọ́ tí Èkó bá gba ìdajì òru yín bí lẹ́tà yín ṣe jọ, ẹ ra kékeré, kẹ́ ẹ ra Z2 tòun ti bátìrì ẹ̀. Tí másìkì yín bá wà lára àwọn tí AirMini ń gbà, tó sì jẹ́ pé iná kì í lọ níbi tẹ́ ẹ ń dé sí l'Ékòó, AirMini dáa gan-an, ètò orí fóònù ẹ̀ rọrùn, ẹ ṣáà ṣe gbogbo ètò yẹn tán nílé kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Transcend Micro ni mo máa fi ṣìkẹta fún yín, fífúyẹ́ ẹ̀ ò tó ìdí tí n óò fi gbé e ṣáájú.

Ẹ má sì rà á láì sọ fún kílíníìkì yín. Àwọn ló ní ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gba nọ́ńbà agbára atẹ́gùn yín lọ́wọ́ wọn ní kíkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè ṣètò tuntun bákan náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé òru tí ẹ̀rọ wọn bá sinmi, òmíràn lẹ̀ ń lò, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ńlá òde òní ló ń fi iye wákàtí téèyàn lò ó ránṣẹ́ sí wọn, kékeré lè má ṣe bẹ́ẹ̀ fún un yín. Tẹ́ ẹ bá ń wa mọ́tò ní London, ẹ rántí pé ẹni tí sleep apnea ẹ̀ bá tó ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sókè, tó sì ń mú un tòògbé, gbọ́dọ̀ sọ fún DVLA, àwọn tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì mọ́tò níbẹ̀, wọ́n sì máa fẹ́ mọ̀ pé ẹ̀ ń lo ẹ̀rọ yín. Ẹni tó bá wà lórí BiPAP, èyí tó ń lo agbára atẹ́gùn méjì, ọ̀kan tá a bá mí wọlé, ọ̀kan tá a bá mí síta, kó má rà á rárá láì bá dókítà sọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn kékeré yìí ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

ÌBÉÈRÈ

Ìyá wa, ẹ ṣàánú mi. Dírẹ́bà ọ̀nà jíjìn lọkọ mi, Ìbàdàn sí Abuja, Ìbàdàn sí Kano. Tó bá sùn, gbogbo ilé ló ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun, á dákẹ́ lójijì bí ẹni tó kú, á wá ta gìrì. Ọmọ wa kan tó wà l'Ámẹ́ríkà ní òun rí ẹ̀rọ kékeré tokunbọ̀ kan, wọ́n ń tà á ní ẹ̀dínwó, DreamStation Go ni wọ́n pè é, pé òun lè fi ránṣẹ́ kí bàbá máa gbé e sínú mọ́tò. Ṣé kó rà á? Ọkọ mi fúnra ẹ̀ ní ojú ń ti òun láti máa de nǹkan mọ́ ojú.
— Ìyá Àdùkẹ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má jẹ́ kó rà á. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi ń ṣe é.

Ní June 14, 2021, ilé-iṣẹ́ Philips tó ń ṣe ẹ̀rọ yẹn fúnra wọn kéde pé fóòmù tí wọ́n fi ń pa ariwo nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọn lè rún wẹ́wẹ́, kí rírún ẹ̀ àti gáàsì ara ẹ̀ máa bá atẹ́gùn wọ inú èèyàn, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ yẹn padà. DreamStation Go wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Mi ò sọ pé gbogbo èyí tó wà lọ́jà ló ní fóòmù yẹn, àmọ́ tokunbọ̀ tó wá lọ́wọ́ ẹni tá ò mọ̀, ní ẹ̀dínwó, kí ló fẹ́ fi dá wa lójú? Ẹ̀rọ tá a ń fi mí láti alẹ́ dòwúrọ̀ ni, kì í ṣe fíríìjì. Tẹ́nikẹ́ni bá sì fẹ́ ra tokunbọ̀ irú ẹ̀rọ yòówù, kó gba serial number ẹ̀ wá kó tó sanwó, kó yẹ̀ ẹ́ wò lórí wẹ́bùsáìtì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn ni pé wọn ò tíì yẹ bàbá wò. Ohun tẹ́ ẹ ṣàlàyé yẹn, ìhanrun tó ń dákẹ́ lójijì tó wá ń ta gìrì, ó jọ sleep apnea gan-an ni, àmọ́ ẹ̀rọ nílò nọ́ńbà agbára atẹ́gùn tó bá ọ̀fun bàbá mu, àyẹ̀wò ló sì ń sọ ọ́. Ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ìjọba tó súnmọ́ yín, kẹ́ ẹ béèrè dókítà ọ̀fun àti imú tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kẹ́ ẹ sì sọ pé àyẹ̀wò oorun lẹ fẹ́. Irú àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n máa ń dì mọ́ èèyàn lára tá á lọ sùn nílé ẹ̀. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n wọn ọrùn ẹ̀ náà, ọrùn tó bá lé ní nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà wà lára ohun tí wọ́n fi ń fura. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bá a wọlé lọ, torí ẹni tó ń sùn kì í gbọ́ ìhanrun ara ẹ̀. Ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lóru, ẹ gbé e fún dókítà kó gbọ́.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omijé, kó má wa mọ́tò lóru. Ọ̀nà Lọ́kọ́jà yẹn ti gba èèyàn wa púpọ̀ jù. Tí ojú ẹ̀ bá ti ń wúwo, kó páàkì, kó sùn. Kó fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kó má fẹ̀yìn lélẹ̀. Kó fi ọtí alẹ́ sílẹ̀, paraga àti òògùn oorun pẹ̀lú, torí gbogbo wọn ló ń jẹ́ kí ẹran ọ̀fun dẹ̀ sí i.

Ní ti ìtìjú, ẹ sọ fún un pé lọ́dún 1980 ní Sydney ní Australia, nígbà tí Dókítà Colin Sullivan kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí, mọ́tò ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ ló lò láti fi fẹ́ atẹ́gùn, ariwo ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ń fi gọ́ọ̀mù lẹ másìkì mọ́ imú èèyàn. Àwọn tó gbà á nígbà yẹn gbà á torí wọ́n jí láàárọ̀ tí ojú wọn dá. Tòde òní ò tóbi ju Bíbélì lọ. Tọ́jọ́ bá sì tó tí wọ́n bá kọ ọ́ fún un, ẹ kọ lẹ́tà sí mi, a óò jọ wo èyí tó lè ṣiṣẹ́ lára bátìrì mọ́tò níbi tó bá páàkì sí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́ ma, Houston ni mo wà, màá wálé fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ní ẹ̀rọ kékeré. Ṣé wọ́n máa kà á mọ́ ẹrù tí mò ń gbé wọ bàálù? Ṣé mo lè lò ó nínú bàálù? Omi wo ni kí n máa fi fọ nǹkan ẹ̀ tí mo bá délé?
— Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra. L'Amẹ́ríkà, òfin ìjọba ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ẹrù ọwọ́ yín, ohun èlò aláìsàn ni, òfin yẹn sì de àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ mìíràn náà tí wọ́n bá ń gbéra láti ibẹ̀ tàbí tí wọ́n ń balẹ̀ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi í sínú àpò tiẹ̀ lọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá ki bàtà àti gèlè mọ́ ọn, wọ́n lè kà á. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà yín tó sọ orúkọ ẹ̀rọ àti ìdí tẹ́ ẹ fi ń lò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, torí tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ bàálù lọ́nà, tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ láti Èkó, ẹ lè pàdé ẹni tí kò rí irú ẹ̀ rí.

Níbi àyẹ̀wò, ẹ ó yọ ẹ̀rọ jáde nínú àpò ẹ̀, másìkì àti hóòsì lè dúró sínú àpò. Tábìlì yẹn ò mọ́ o, ẹ di ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá funfun tó mọ́ kó tó kàn án. Bátìrì tó bá dá wà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín, kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí ìsàlẹ̀, láti 100 sí 160 Wh ẹ máa gba àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù, méjì péré sì ni, èyí tó bá ju 160 lọ kẹ́ ẹ má gbé e wá rárá.

Ẹ lè lò ó nínú bàálù, ẹ ṣáà pè wọ́n ní wákàtí 48 kó tó di ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ bi wọ́n nípa ìjókòó tó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀lé sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún o, ó lè má ṣiṣẹ́, ẹ ti gba agbára sínú bátìrì yín kó kún láti ilé.

Omi: ọṣẹ tí kò le àti omi tó mọ́ ni fún másìkì, lójoojúmọ́. Tí omi kànga tàbí ti táǹkì ò bá dá yín lójú, ẹ sè é kó tutù kẹ́ ẹ tó lò ó. Tẹ́lòmíràn tó ń ka èyí bá ń gbé ẹ̀rọ oníke-omi wálé, omi distilled láti ilé òògùn ni kó bù sí i, kó má lọ ra omi bátìrì lọ́wọ́ mẹ́káníìkì, mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ásíìdì wà nínú òmíràn níbẹ̀. Kó sì dà á nù pátápátá kó tó di ẹrù, omi tó bá ṣàn wọ inú mọ́tò ẹ̀rọ máa ń bà á jẹ́. Ẹ mú fíltà mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání, eruku ilé wa á tètè sọ ọ́ di pupa, tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀ ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kódà bó jẹ́ ọjọ́ karùn-ún péré.